Alùpùpù, Òjò, àti Omi Tí Ń Wọ Ilé

Ẹni tí ó bá dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ní kùtùkùtù, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi bá ń kó ẹja gúnlẹ̀, yóò rí i pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìhà omi, àwọn obìnrin ń ná ẹja àrọ̀, wọ́n ń ná ẹpìyà, wọ́n sì ń wọn edé. Ní ìhà títì, àwọn ọlọ́kadà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò gbé abọ́ ẹja rẹ̀ gun ẹ̀yìn wọn. Ẹja kì í dúró de ẹnìkan. Ẹni tí ó rà á ní òwúrọ̀ fẹ́ kí ó dé ibi ààrò tàbí ibi àtẹ kí oòrùn tó mú, nítorínáà kò lè jókòó de ọkọ̀ ńlá tí yóò kọ́kọ́ kún kí ó tó ṣí. Báyìí ni alùpùpù ṣe di ẹsẹ̀ ọjà náà, tí ó sì di ẹsẹ̀ gbogbo abúlé tí ó wà láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìkòròdú, ní àwọn ibi tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dé.

Nígbà tí òjò bá ṣú, ojú ọjà a yípadà. Àwọn kan a sá sí abẹ́ àtíbàbà. Àwọn mìíràn a fi ọ̀rá bo orí àti ìjókòó alùpùpù. Ṣùgbọ́n àwọn tí owó ọjọ́ náà kò tíì pé lọ́wọ́ wọn a ta kíìkì, wọn a sì wọ inú òjò lọ. Nípa àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, àti nípa àwọn aya àti àwọn ọmọ wọn nílé, nítorí òjò tí ó ń bá ọlọ́kadà lójú ọ̀nà ni ó ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ nínú yàrá. Ó dá wa lójú pé kì í ṣe omi fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ibi tí ó pọ̀ jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe ìkánjú tí ènìà fi ń pàdé rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ alùpùpù gẹ́gẹ́ bí ohun ìgùn olùkọ́, oníwàásù, àti akọ̀wé ìjọba. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wa dojúrú láàárín ọdún 1980 sí 1990, tí iṣẹ́ wọ́n, tí ọkọ̀ tuntun sì di ohun àwòjìnnà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí fi alùpùpù gbé ènìà fún owó. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é, ọ̀kadà, ti ara ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kan wá, èyí tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ tí ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹdó sọ. Ọkọ̀ òfúrufú náà ti kógbá sílé láti ìgbà pípẹ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń sáré káàkiri nínú ẹrẹ̀ wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de iṣẹ́ ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà; ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi mẹ́rin kún un, Kòṣọ̀fẹ́ sì wà nínú wọn, níbi tí Kẹ́tu àti Máìlì 12 wà. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò sí nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nítorínáà ní ìhà tiwa, ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

Kí a tó sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ó yẹ kí a mọ irú omi tí à ń bá jà. Oríṣi méjì ni. Èkíní ni omi òjò tí ó rọ̀ sórí wa gan-an. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń le jùlọ ní oṣù kẹfà, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní òjò àrọ̀kúrò. Omi yìí a máa yára dé, a sì máa yára lọ bí gọ́tà bá mọ́. Irú rẹ̀ ni ó rọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, tí ó sọ títì di odò káàkiri Èkó, tí ó sì gba ẹ̀mí àwọn ènìà.

Èkejì ni omi odò, òun ni ó sì ń tan ènìà jùlọ, nítorí ó lè dé ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn. Odò Ògùn ti ìhà Ṣakí bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì tú sínú ọ̀sà Èkó ní ìhà Májídùn àti Agbóyì. Odò Ọ̀yán, tí ó ń ṣàn sínú Odò Ògùn, ni ìjọba àpapọ̀ fi ògiri ńlá sé ní òkè Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ni ó ṣí ìsédò náà ní ọdún 1983, ó sì lè gba omi tí ó tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Nígbà tí òjò bá pọ̀ jù ní òkè, àwọn alábòójútó rẹ̀ kò lè ṣe aláìṣí ilẹ̀kùn, kí ògiri má baà ya; omi tí wọ́n bá sì tú sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ni ó rí ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí omi bo Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti àwọn àdúgbò etí odò tí ó yí i ká, tí àwọn ènìà tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ sì fi ilé wọn sílẹ̀. Ìyá àgbà kan lè jókòó ní Májídùn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ó má rí ẹ̀kán òjò kan ní odindi ọjọ́ mẹ́ta, kí omi sì bá a ní ẹsẹ̀ ibùsùn. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà ni ó wà níwájú ìlú, Odò Ọ̀ṣun tí ó gba Òṣogbo kọjá sì ń tú sínú ọ̀sà Lẹ́kí ní ìhà ibẹ̀, nítorínáà òjò tí ó rọ̀ ní ilẹ̀ òkè ń bọ̀ wá bá àwọn apẹja wa bó pẹ́ bó yá.

Èyí ni ó fà á tí ọlọ́kadà tí ó ń wo ojú sánmọ̀ orí ilé rẹ̀ nìkan fi máa ń ṣìnà. Àjọ ìjọba tí ń wo ojú ọjọ́ ń kéde lọ́dọọdún bí òjò yóò ti rí, àjọ tí ń bójútó odò náà sì ń kéde ibi tí àkúnya lè dé. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí omi kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìròhìn rédíò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá fo òun, àní bí ilẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìà rò pé òjò ńlá ni ó ń gbé alùpùpù ṣubú. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí wẹliwẹli ni ó ń tanni jù, pàápàá lẹ́yìn ọ̀dá ọjọ́ púpọ̀, nítorí ọ́ìlì tí ó ti kán sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, pẹ̀lú eruku, a pòpọ̀ mọ́ omi kékeré náà, ojú títì a sì yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bí òjò bá ti rọ̀ pẹ́, yóò ti fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Nítorínáà ẹni tí ó ń sáré kí òjò má baà bá òun, ní àkókò tí ilẹ̀ yọ̀ jùlọ gan-an ni ó ń sáré. Ní àyíká Olúwo ọ̀rọ̀ náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi ẹja àti ìpẹ́ tí ń dà láti inú abọ́ sí ojú ọ̀nà. Kí ọlọ́kadà dúró fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oníbàárà tí kò bá lè dúró, kí ó jẹ́ kí ó lọ.

Bíréèkì ọ̀pọ̀ nínú àwọn alùpùpù tí a fi ń ṣiṣẹ́ wà nínú ìdérí irin ní àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, ọlọ́kadà a tẹ̀ ẹ́, yóò sì dàbí ẹni pé kò tẹ nǹkankan. Ẹni tí ó bá ti jáde nínú omi gbọdọ̀ rọra máa tẹ bíréèkì náà díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ jẹ́jẹ́, kí ooru lè gbé omi náà gbẹ, kí ó tó tún wọ àárín ọkọ̀. Táyà tí ojú rẹ̀ ti jẹ tán kò yẹ ní òjò rárá. Ènìà kan ṣoṣo ni kí ó gbé. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá tí ó pọn ọmọ, kí ó rí i pé etí aṣọ ìpọnmọ àti ìborùn wà ní ìwémọ́ra, nítorí aṣọ tí òjò ti mú wúwo a máa já bọ́ sínú ṣéènì.

A kò fẹ́ràn agbòjò ńlá tí àwọn kan ń so mọ́ orí alùpùpù. Lóòótọ́ ni ó ń dáàbò bo oníbàárà, ṣùgbọ́n ìjì tí ó ń ṣáájú òjò kò mọ̀ pé oníbàárà ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìgbòkun ni ó ṣe ń gbá a mú. Aṣọ òjò kan fún awakọ̀ àti òmíràn fún ẹni ẹ̀yìn sàn jù ú lọ. Ní ti akoto, ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rántí pé ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára mú òfin akoto ṣẹ, ìròhìn kan gbogbo ayé pé àwọn kan nínú àwọn ọlọ́kadà ilẹ̀ wa dé igbá àti ìkòkò ìdáná lórí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n igbá kò ní gíláàsì tí ó lè gba òjò lójú ẹni, bẹ́ẹ̀ni kò lè gba títì lórí ẹni.

Níbi tí omi bá ti bo ọ̀nà, tí a kò sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọlọ́kadà dúró. Ihò lè wà níbẹ̀. Gọ́tà tí kò ní ìdérí lè wà níbẹ̀, ó sì lè jin tó ènìà. Bí omi náà bá ń ṣàn kíkankíkan, kò sí ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn mọ́: omi líle tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, tí kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ púpọ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú, sẹ̀ǹtímítà 30 sì lè gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kúrò lórí ilẹ̀. Kí ni alùpùpù já mọ́ níwájú irú rẹ̀? Bí mànàmáná bá sì ń kọ, kí ó fi alùpùpù sílẹ̀, kí ó wọ inú ilé. Kí ó má ṣe sá sí abẹ́ igi.

Ohun tí ó mú wa kọ̀wé yìí gan-an ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lálẹ́. Yàrá kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń gbé pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, nínú ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo là láàárín. Nítorí olè àti nítorí òjò, kì í lè fi alùpùpù sílẹ̀ níta. Ó ń tì í wọlé, àwọn ọmọ a sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń tẹ́ ẹní tí táyà iwájú kan ìrọ̀rí ọmọ. A kò lè bá ọkọ wí nítorí èyí, nítorí alùpùpù náà ni oko rẹ̀, òun ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí tọkọtaya mọ̀ dájú.

Bẹntiróòlù ní ìwà méjì. Nígbà tí ó bá dà sórí omi, kì í rì. Ó ń léfòó, ó sì ń bá omi náà lọ sí ibikíbi tí omi bá ń lọ. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí wúwo ju atẹ́gùn lọ, nítorínáà kì í gòkè, ilẹ̀ ni ó ń rá gbà. Ẹ wá wo ohun tí ó túmọ̀ sí. Alùpùpù wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀; omi wọlé ní òru, ó gbé e ṣubú; ìdérí táńkì rẹ̀ kò le dáadáa; bẹntiróòlù jáde, ó tẹ́ lórí omi, ó ń wọ yàrá dé yàrá lókùnkùn; iná ìjọba ti lọ, ìyá sì dìde láti ṣáná sí fìtílà kí ó lè rí àwọn ọmọ. Kò sí ìgbà tí iná léwu nínú ilé ọlọ́kadà tó ìgbà tí ilé náà kún fún omi. Nítorínáà, ní àkókò òjò, tọ́ọ̀ṣì ni kí ìyá ilé fi sí abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, kì í ṣe ìṣáná. Alùpùpù kò gbọdọ̀ wà ní ibi tí a ti ń dáná, bẹ́ẹ̀ni a kò gbọdọ̀ gbé fìtílà, àbẹ́là, tàbí oògùn ẹ̀fọn tí a ń tanná sí sórí ilẹ̀ nítòsí rẹ̀. Kí ọkọ pa ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì dé ní alaalẹ́. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ ènìà. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tan alùpùpù tàbí jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé òjò ń rọ̀ níta: afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín wọn tí kò ní òórùn, ó sì ń pa gbogbo ìdílé sójú oorun.

Ohun tí ó dára jù ni kí alùpùpù má sí nínú ilé rárá ní alẹ́ tí omi lè dé. Kí ọlọ́kadà wá ibi gíga kan kí oṣù kẹfà tó wọlé: àgbàlá ọ̀rẹ́, ọgbà ilé ìjọsìn, tàbí ibi tí ẹgbẹ́ wọn ti lè yan ọlọ́dẹ kan láti máa ṣọ́ ọ fún gbogbo wọn. Kí ó gbé e lọ nígbà tí ojúmọ́ ṣì wà. Ẹni tí kò bá rí irú ibẹ̀, kí ó to búlọ́ọ̀kù tí ó dúró gírí, kí ó tẹ́ pákó lé e, kí ó gbé alùpùpù sórí rẹ̀, kí ó sì fi okùn dè é mọ́ òpó. Kí ó di ọ̀rá mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà àti ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, kí ó sì rántí tú u kí ó tó ta kíìkì ní òwúrọ̀. Ìwé àṣẹ, rìsíìtì, àti ìwé àdéhùn, kí wọ́n wà nínú ọ̀rá tí a so síbi gíga lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Bí omi bá sì dé lójijì ńkọ́? Àwọn ọmọ ni àkọ́kọ́, pẹ̀lú àwọn arúgbó. Bí a bá lè pa iná mànàmáná láti ibi gbígbẹ, kí a pa á. Bí ibi tí a ó ti pa á bá ti wà nínú omi, kí a má ṣe súnmọ́ ọn. Kí a mú ọ̀rá ìwé lọ́wọ́ bí a ti ń jáde. Ẹ́ríà 112 tàbí 767 ni a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Èkó fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, kò sì gba owó. Nípa alùpùpù, a ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó le: bí gbogbo ará ilé bá ti jáde tán, baba kò gbọdọ̀ padà sínú omi nítorí rẹ̀. A mọ ohun tí à ń sọ. A mọ̀ pé òun ni ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, òun ni ó ń ra gààrí. Ṣùgbọ́n alùpùpù tí ó rì sí odindi òru kì í ṣe òkú. A lè jí i dìde, bí a bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà náà nìyí.

Ẹ́ńjìnnì ń mí gẹ́gẹ́ bí ènìà: ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń fún un pọ̀, ó ń fi iná sí i, ó sì ń tú u jáde. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n omi kò ṣeé fún pọ̀. Nígbà tí omi bá kún inú rẹ̀, tí ọlọ́kadà sì ta kíìkì tagbáratagbára, píṣítìnì a gòkè, a bá omi náà pàdé bí ẹni pàdé àpáta, irin tí ó gbé e a sì wọ́. Omi kọ́ ni ó ba ẹ́ńjìnnì náà jẹ́. Ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n sọ pé àkúnya omi pa, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n kú, nígbà tí olówó wọn ń kánjú láti mọ̀ bí wọ́n ṣì wà láàyè.

Nítorínáà kí ó má ṣe ta kíìkì, kí ó má sì yí kọ́kọ́rọ́. Kí ó tì í lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ó tú okùn bátìrì, kí ó fi omi mímọ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Kí ó yọ púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá ti kúrò lẹ́nu ihò, nígbà náà ni ó lè fi ọwọ́ rọra tẹ kíìkì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi yóò sì máa tú jáde láti ojú ihò náà. Kí ó máa tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí ẹ̀kán kan mọ́. Kí ó gbé orí alùpùpù sókè, kí omi inú sàlẹ́ńsà lè dà láti ẹ̀yìn. Asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, kí ó yọ ọ́, kí ó fọ̀ ọ́ kí ó sì sá a bí ó bá jẹ́ ti fóòmù, kí ó ra tuntun bí ó bá jẹ́ ti páálí. Kí ó da gbogbo bẹntiróòlù inú táńkì àti ti kabúrétọ̀ nù, nítorí omi ti wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ó má sì ṣe dà á sí gọ́tà tí àwọn ọmọ ń ṣeré lẹ́bàá rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan ọ́ìlì. Kí ó tú u sínú abọ́ kí ó wò ó. Bí ó bá dúdú tí ó sì mọ́ lára, ọpẹ́ ni. Bí ó bá rí bí ògì tí a pò mọ́ epo, omi ti wọlé. Kí ó da á nù, kí ó rọ tuntun tí kò wọ́n sí i, kí ó tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìgùn ún, kí ó tún tú u, kí ó sì rọ òmíràn. Bí ó bá ṣì funfun, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni owó ti ń dun àwọn ènìà wa jù, tí wọ́n fi ń dá a dúró ní ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tí ó dàpọ̀ mọ́ omi kò lè ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì, irin yóò máa jẹ irin nínú, kò sì ní pẹ́ tí a ó fi máa ra odindi ẹ́ńjìnnì. Kí mẹkáníìkì ṣí bíréèkì àti àárín táyà méjèèjì, kí ó nù wọ́n, kí ó sì fi gíríìsì tuntun sí i. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀, bí oòrùn bá ràn.

Níwọ̀n ìgbà tí alùpùpù ń gbẹ lóòrùn, ìyá ilé ní iṣẹ́ tirẹ̀. Omi kànga tí àkúnya ti bò kò ṣeé mu láìsè, nítorí ohun tí ó wà nínú ṣálángá àdúgbò ti wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àìsàn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Ìkòròdú sì wà nínú àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni a sì fẹ́ kí àwọn olówó ìlú kà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí kò ni alùpùpù tí wọ́n ń gùn. Ẹlòmíràn ni ó rà á, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní iye tí ó fẹ́rẹ̀ tó ìlọ́po méjì nígbà mìíràn, títí yóò fi di tiwọn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsan, olówó lè gbà á padà, àti ohun tí a ti san. Irú àdéhùn yìí ni ó ń ti ọlọ́kadà sínú òjò tí ojú rẹ̀ kò ríran nínú rẹ̀. Òun ni ó ń mú un ta kíìkì ní òwúrọ̀ kí ó tó yọ púlọ́ọ̀gì. Òun ni ó sì ń mú un padà sínú ilé tí omi ti gbà. Olówó tí kò fẹ́ sọ ọjọ́ kan nù ni ó ń sọ ẹ́ńjìnnì nù. Lójú tiwa, ó tọ́ kí àwọn méjèèjì jókòó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ọjọ́ tí omi bá bo àdúgbò kò sí nínú ọjọ́ tí a ń san owó sí, àti pé olówó ni yóò ra ọ́ìlì kejì bí alùpùpù bá rì láìjẹ́ ẹ̀bi ẹni tí ń gùn ún. Kí ọlọ́kadà náà sì máa dá èésú kékeré kan pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti oṣù kọkànlá, nígbà tí ọ̀nà gbẹ tí owó sì ń wọlé, kí ó lè kó o ní oṣù kẹfà. Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i, kí ìwé rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá tí a so sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.